Iye Tí Wọ́n Pè É Kọ́ Ni Iye Tí A Ó San: Bí Òbí Ṣe Lè Rán Ọmọ Lọ sí Yunifásítì ní Amẹ́ríkà Láìwọ Gbèsè

Ní oṣù April 2025, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí fa ìwé kan yọ nínú báàgì wọn níbi tí a ń gbé mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Houston. "Àbúrò mi, bá mi yọ̀ o. Wọ́n fún ọmọ mi ní $62,000!" Ìwé náà dára lójú lóòótọ́. Àmì ilé-ìwé aládàáni kan wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kí ọmọ náà kú oríire pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà-gadagba. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo sì ní ká wọ inú mọ́tò wọn ká jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró.

Mo mú bírò, mo ń fà á sórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bùn. Nínú $62,000 náà, $34,000 péré ni wọ́n fún ọmọ ní tòótọ́. $5,500 jẹ́ ẹ̀yáwó tí ọmọ fúnra rẹ̀ máa san padà. $2,500 jẹ́ owó iṣẹ́ tí ọmọ máa kọ́kọ́ ṣe nínú ọgbà ilé-ìwé kó tó rí i gbà, díẹ̀díẹ̀ bí owó oṣù. $20,000 tó kù, ẹ̀yáwó náà ni, ṣùgbọ́n Àǹtí ni wọ́n fẹ́ kó yá a, lórúkọ ara wọn. Ilé-ìwé ọ̀hún sì ń gba $68,000 lọ́dún. Lẹ́yìn gbogbo oríire yẹn, $34,000 ṣì wà nílẹ̀ tí ìdílé máa wá, fún ọdún kan ṣoṣo nínú mẹ́rin.

Àǹtí wo ìwé náà títí. "Ẹ̀yáwó ni wọ́n wá ń bá mi dáwọ̀ọ́ ìdùnnú lé lórí?"

Kò yẹ kí ojú tì wọ́n. Ní 2022, GAO, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tọ pinpin ìnáwó ìjọba, yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nínú ilé-ìwé 100, 91 ni kì í kọ iye tí ìdílé máa san gan-an síbẹ̀, tàbí tó ń kọ ọ́ kéré sí bó ṣe jẹ́. Àwọn tí wọ́n bí síbí, tí èdè náà jẹ́ tiwọn, ìwé yìí ń dà wọ́n láàmú. Ká má tilẹ̀ sọ ti àwa.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í ni pé, nílé, iye tí ilé-ìwé bá lẹ̀ mọ́ ògiri ni gbogbo ènìyàn ń san, àtọmọ olówó àtọmọ tálákà. Níbí, owó yunifásítì sún mọ́ ọjà aṣọ ní Gbági ju bó ṣe sún mọ́ owó ilé-ìwé lọ. Ẹni tó ń tà á á pe owó gọbọi, òun náà mọ̀ pé kì í ṣe iye tí òun máa gbà nìyẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnu kọ́ la fi ń ná ọjà yìí, fọ́ọ̀mù ni, ẹni tí kò bá sì kọ fọ́ọ̀mù ló máa san iye tí wọ́n pè. Ní àwọn ilé-ìwé aládàáni, tí a bá dá gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ti lé ní ìdajì owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè.

Nítorí náà, ilé-ìwé tí orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù bà yín lè jẹ́ èyí tó máa rọ̀ yín lọ́rùn jù. Ẹ wo yunifásítì Rice tó wà níbí ní Houston. Ní 2018 ni wọ́n kéde pé ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó $65,000 lọ́dún kò ní san owó ẹ̀kọ́, wọn kò sì ní san owó ilé àti oúnjẹ. Ẹni tó wà láàrin $65,000 sí $130,000, owó ẹ̀kọ́ kò kàn án. Wọ́n tún ti sún òdiwọ̀n náà sókè látìgbà náà. Harvard náà, láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025, kò gba nǹkan lọ́wọ́ ìdílé tí owó wọn kò ju $100,000 lọ, kì í sì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ju $200,000 lọ. Nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n fẹ́ ara wọn lè wà nínú òdiwọ̀n yẹn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni àtiwọlé, ojú abẹ́rẹ́ ni. Ilé-ìwé tó léwu fún àpò yín jù ni ti àárín: aládàáni tí orúkọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dún, tí kò lówó nípamọ́ láti fi ran ọmọ lọ́wọ́, tó sì ń pe iye tó lé ní $60,000. Irú rẹ̀ ló kọ ìwé sí Àǹtí.

Iye tó yẹ kí ẹ máa wá kiri ni èyí: gbogbo owó ọdún kan, ti ẹ̀kọ́, ilé, oúnjẹ, ìwé àti ọkọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ owó tí ẹ kò ní dá padà kúrò. Ẹ̀bùn nìkan la ń yọ. A kì í yọ ẹ̀yáwó, a kì í yọ owó iṣẹ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2008 mú kó di dandan, láti October 2011, kí gbogbo ilé-ìwé tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba fún ọmọ gbé ohun ìṣirò kan sórí ìkànnì wọn, tí wọ́n ń pè ní Net Price Calculator. Ẹ máa tẹ iye tó ń wọlé fún yín àti iye ènìyàn inú ilé sí i, yóò sì sọ iye tí irú ìdílé yín máa ń san níbẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ẹ sì lè ṣe é nígbà tí ọmọ ṣì wà ní kíláàsì 10. Ìjọba tún ní ìkànnì kan, College Scorecard. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí iye tí àwọn ọmọ jẹ ní gbèsè nígbà tí wọ́n jáde, iye tó jáde nínú àwọn tó wọlé, àti iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò kì í ṣe kó má yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò.

Fọ́ọ̀mù tó ṣe pàtàkì jù ni FAFSA, èyí tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìjọba kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní dandan kí ẹ san owó kó tó lè wọlé, ẹ sá fún un. Oṣù October tó ṣáájú ọdún tí ọmọ máa wọlé ló sábà máa ń ṣí. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní gírínkáàdì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àti ẹni tí ìjọba fún ní ibi ìsádi. Ọmọ tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí wa nílé kò mọ̀ tí wọ́n fi máa ń sọ pé "ẹ ṣáà bá a gba owó ìjọba yẹn". Bí ọmọ bá jẹ́ ọmọ ìlú tí òbí kò sì ní ìwé ìgbélùú, ẹ̀tọ́ ọmọ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà láti kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò tí a wà yìí, kó kọ́kọ́ bá lọ́yà tó mọ òfin ìwọlé-wọ̀de sọ̀rọ̀.

Àwọn nǹkan kan wà nínú FAFSA tó kan àwa gan-an, tí ẹni tó ń ṣàlàyé rẹ̀ ní ilé-ìwé àwọn ọmọ kò ní rántí sọ. Èkíní, kò síbi tí wọ́n ti ń yọ owó tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sílé. Màmá yín tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lóṣooṣù, kì í ṣe ara ìdílé yín lójú fọ́ọ̀mù yẹn, àfi bí wọ́n bá ń gbé lọ́dọ̀ yín tí ẹ sì ń gbọ́ èyí tó ju ìdajì bùkátà wọn lọ. Èkejì, ilé tí ẹ ń gbé níbí, wọn kì í kà á. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ kọ́ sí Ìbàdàn, tí ẹ ń retí àtifẹ̀yìntì sí, wọ́n ń kà á gẹ́gẹ́ bí ohun ìní, nítorí pé ẹ kò gbé inú rẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ̀mí ń sọ sí wa létí níbẹ̀ yẹn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù kí ẹ tó gbọ́ tirẹ̀: ìtanràn irọ́ lè dé $20,000, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Ó ṣe tán, bí owó ọdún yín kò bá tó $60,000 tí ọ̀rọ̀ owó orí yín kò sì díjú, wọn kì í tilẹ̀ béèrè ohun ìní rárá.

Owó ìfipamọ́ náà ní tirẹ̀. Owó tó wà lórúkọ ọmọ, 20% rẹ̀ ni wọ́n máa ń kà lọ́dún bí ohun tó yẹ kó fi san owó ilé-ìwé. Èyí tó wà lórúkọ òbí kì í wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó gbogbo owó ọjọ́ ìbí àti ti ìsọmọlórúkọ sí báǹkì lórúkọ ọmọ, ẹ tún un rò. Bí ẹ bá sì ṣì jẹ́ tọkọtaya, tí Bàbá wà ní Èkó tí Ìyá wà ní Maryland, owó tó ń wọlé fún àwọn méjèèjì ni wọ́n ń wò.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà kan á jáde tí wọ́n ń pè ní SAI. Ó lè kéré dé −1,500. Kì í ṣe iye tí ẹ máa san o, òdiwọ̀n tí àwọn ilé-ìwé fi ń mọ bí àìní yín ṣe tó ni. Bó bá ṣe kéré tó ni Pell Grant, ẹ̀bùn ìjọba àpapọ̀, ṣe máa pọ̀ tó. Iye tó ga jù nínú Pell fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026 ni $7,395, ẹnikẹ́ni kì í dá a padà. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ méjì bá wà ní yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà, òdiwọ̀n yìí máa ń pín sí méjì. Wọ́n ti fagi lé ìyẹn láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024. Ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì, ẹ kú ìnáwó.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé, nítorí ibẹ̀ ni owó tó pọ̀ jù wà fún àwọn tí agbára wọn wà láàrin. Ní yunifásítì ìjọba, ọmọ ìpínlẹ̀ àti àlejò kì í san iye kan náà. Ní University of Maryland ní College Park, ọmọ ìpínlẹ̀ ń san bí $12,000 fún ẹ̀kọ́ lọ́dún, ẹni tó bá sì ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá ń san èyí tó lé ní $40,000. Àga kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí, olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ wọn. Torí náà, ọmọ Houston tó ní Maryland ló wu òun nítorí pé ọ̀rẹ́ òun wà níbẹ̀, kó sọ fún ọ̀rẹ́ náà pé kó máa pè é lórí fóònù.

Ní Texas, láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025, gbogbo yunifásítì tó wà lábẹ́ University of Texas System kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ tí owó ìdílé rẹ̀ kò ju $100,000 lọ, bó bá ti kọ fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ tó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní kíkún. Ilé àti oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀. New York ní sikọ́láṣíìpù Excelsior láti 2017 fún ìdílé tí owó wọn kò ju $125,000 lọ, ṣùgbọ́n iye ọdún tí ọmọ bá fi gbà á ló gbọ́dọ̀ fi gbé ìpínlẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀bùn á di gbèsè. Àwa tí a ní ẹbí ní Atlanta mọ sikọ́láṣíìpù HOPE dáadáa: láti 1993 ni Georgia ti ń fi í san owó ẹ̀kọ́ ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá tó 3.0 nínú 4.0, sikọ́láṣíìpù Zell Miller sì wà fún èyí tó bá tó 3.7 tó sì ṣe dáadáa nínú SAT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì. Wọn kì í wo bí òbí ṣe lówó tó. Owó tẹ́tẹ́ ìjọba ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, mi ò tíì gbọ́ kí pásítọ̀ kan ní kí ọmọ ìjọ má gbà á.

Èyí tí ojú ń ti àwọn ènìyàn wa láti sọ ni community college. "Ọmọ mi tó gba A, kó wá lọ sí ti ọdún méjì?" Ní Houston Community College tàbí Prince George's Community College ní Largo, owó ẹ̀kọ́ ọdún kan kéré débi pé Pell lè san án tán fún ẹni tó bá gba gbogbo rẹ̀. Ọmọ á ṣe ọdún méjì níbẹ̀, á kọjá sí yunifásítì, orúkọ yunifásítì nìkan ló sì máa wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ níkẹyìn. Nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó jẹ́ pé ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń ṣe é, ọ̀nà yìí ló tọ́ jù lójú mi. Ẹni tó bá gba ADN, oyè nọ́ọ̀sì ọlọ́dún méjì, máa jókòó ṣe ìdánwò ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì kan náà, NCLEX-RN, pẹ̀lú ẹni tó lo ọdún mẹ́rin. Bó bá yege, RN ni, nọ́ọ̀sì tó ní ìwé-àṣẹ. Ilé ìwòsàn tó bá gbà á síṣẹ́ lè wá sanwó kó fi parí BSN, oyè nọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin, òfin owó orí sì fàyè gbà á kí agbanisíṣẹ́ san tó $5,250 lọ́dún lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ láìsí owó orí lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kòtò wà lójú ọ̀nà yìí. Ní 2017, GAO kan náà ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọmọ tó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ń pàdánù nǹkan bí 43% nínú kírẹ́díìtì wọn, ìyẹn yúnìtì kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ṣe, lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú ohun tó ń fà á ni pé wọ́n kàn ń yan kọ́ọ̀sì tó bá wù wọ́n, yunifásítì tí wọ́n wá ń lọ kò sì mọ̀ ọ́n. Kí ọmọ tó jókòó sí kíláàsì kankan ni kó ti mọ yunifásítì tó ń lọ, kó sì gba àdéhùn tó wà láàrin ilé-ìwé méjèèjì lákọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì kì í ṣe àdéhùn. Nǹkan mìíràn tó ń jẹ owó láìfọhùn: kírẹ́díìtì 12 ní sáà kan ni ìjọba ń pè ní ẹ̀kọ́ kíkún, ṣùgbọ́n 120 ni oyè ń béèrè. Ẹ pín in. Ọmọ tó ń ṣe 12 ní sáà kọ̀ọ̀kan máa lo ọdún márùn-ún, ọdún karùn-ún yẹn kì í sì í sábà ní sikọ́láṣíìpù.

Ó kan ẹ̀yáwó wàyí. Mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí ọmọ má yá kọ́bọ̀. Ẹ̀yáwó ìjọba tí ọmọ ń yá lórúkọ ara rẹ̀ ní òdiwọ̀n: $5,500 ní ọdún kìíní, $6,500 ní ọdún kejì, $7,500 ní ọdún kẹta àti ìkẹrin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ $27,000. Ní èlé 6.39% tó wà lórí èyí tí wọ́n yá ní 2025 sí 2026, ẹni tó bá fẹ́ san án tán láàrin ọdún 10 máa san nǹkan bí $305 lóṣooṣù. Ọmọ tó níṣẹ́ lọ́wọ́ lè rù ú.

Èyí tí mò ń sá fún ni Parent PLUS, èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé Àǹtí bíi pé ẹ̀bùn ni. Òbí ló ń jẹ ẹ́, wọn kì í sì í wò ó bóyá owó tó ń wọlé fún òbí tó o láti san án. Ìtàn gbèsè rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Èlé rẹ̀ fún ọdún yẹn jẹ́ 8.94%, wọ́n sì tún ń yọ ohun tó lé ní 4% kúrò lórí owó náà kó tó dé ilé-ìwé. Tẹ́lẹ̀, òbí lè yá a dé iye yòówù tí ilé-ìwé bá pè. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 4, 2025 fi òdiwọ̀n sí i fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yá a láti July 1, 2026: $20,000 lọ́dún, $65,000 lórí ọmọ kan. Ẹ̀yin ẹ ṣírò $65,000 yẹn wò. Ní èlé 8.94%, láàrin ọdún 10, ó jẹ́ nǹkan bí $821 lóṣooṣù, gbogbo ohun tí ẹ máa san sì máa sún mọ́ $98,500. Àǹtí ti pé ọdún 54. Wọn ì bá máa san án títí wọn á fi lé ní 65, lórí orúnkún tó ti ń dùn wọ́n nítorí gbígbé àwọn arúgbó sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

A padà sí ìwé kejì tí wọ́n gbà, èyí tí wọn kò tilẹ̀ mú jáde nínú báàgì nítorí pé kò lẹ́wà. Yunifásítì ìjọba kan nínú ìlú ni. $29,000 ni wọ́n pè, ẹ̀bùn sì jẹ́ $7,000 péré. Ó ku $22,000. Nínú rẹ̀, $12,000 ni owó ilé àti oúnjẹ nínú ọgbà, tí ọmọ náà kò nílò, torí pé yàrá rẹ̀ wà nílé, ọbẹ̀ sì wà nínú fíríìjì. Ó ku $10,000.

A ò dúró síbẹ̀. FAFSA tí wọ́n kọ dá lórí owó orí 2023, nígbà tí Àǹtí ń ṣiṣẹ́ àfikún lálaalẹ́. Ní 2025, ibiṣẹ́ ti gé wákàtí wọn kù. Òfin fún ilé-ìwé láyè láti tún ìṣirò náà ṣe bí nǹkan bá yí padà fún ìdílé: iṣẹ́ bọ́, àìsàn dé, ọkọ kú, ìgbéyàwó tú. Ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè, wọ́n rò pé ìwé tó ti jáde ti jáde. A kọ lẹ́tà ojú ìwé kan, láìbẹ̀bẹ̀, láìsunkún: iye tó ń wọlé nígbà náà, iye tó ń wọlé báyìí. A so ìwé owó oṣù mẹ́ta mọ́ ọn, àti lẹ́tà láti ibiṣẹ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ, torí pé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti fẹ́ kó wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni èsì dé. Wọ́n fi ẹ̀bùn $2,800 kún un. Ọmọ yá $5,500 tirẹ̀. $1,700 tó kù, Àǹtí kó àjọ ní August, wọ́n san án, wọ́n sì fi ìyókù tún bíréèkì Camry àtijọ́ tó ń gbé e lọ ṣe.